Ẹ̀sùn Lórí Áàpù Ìtò-Wíńdò Yín Tó Ń Já Lẹ́tà Gbà Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Ajé.

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ti Oníbàárà,

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Kí n tó lè kọ lẹ́tà yìí, mo kọ́kọ́ ní láti pa áàpù yín ná. Ká ní mo ṣí i sílẹ̀ ni, Ìbàdàn tó wà lókè yẹn nìkan ni ì bá jáde geere.

Atúmọ̀-èdè ni mí. Láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ni mo ń túmọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ra áàpù yín tó ń to wíńdò, ìyẹn àwọn àpótí tí ìwé máa ń ṣí sí lójú kọ̀ǹpútà, lóṣù méje sẹ́yìn. Mo máa ń fẹ́ kí ìwé Gẹ̀ẹ́sì wà lápá òsì, kí Yorùbá tí mo ń kọ wà láàárín, kí ìwé atúmọ̀-ọ̀rọ̀ wà lápá ọ̀tún. Windows fúnra rẹ̀, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ti ń pín ojú kọ̀ǹpútà sí méjì láti ìgbà Windows 7 lọ́dún 2009: ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ ọfà òsì tàbí ọ̀tún, ó parí. Windows 10 tó dé lọ́dún 2015 fi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún un. Ìdá mẹ́ta ni bọ́tìnnì wọ̀nyí kì í pín in sí, Windows 10 ló sì wà lórí kọ̀ǹpútà mi, ni mo bá san N24,000 fún ọdún kan. Mi ò kábàámọ̀ nígbà náà. Ctrl àti Alt pẹ̀lú ọfà, wíńdò á lọ jókòó síbi tí mo rán an bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹ̀dà tuntun dé. Ẹ kò bi mí, òru ló wọlé. Ẹ ní kí iṣẹ́ lè yá, ẹ ti fi lẹ́tà kún àwọn bọ́tìnnì àbùjá, èyí tí a ń tẹ̀ pọ̀ láti fi pàṣẹ kíákíá: Ctrl, Alt àti O á gbé wíńdò lọ sápá ọ̀tún, ti S á pààrọ̀ ààyè wíńdò méjì, ti E á ká gbogbo wọn nílẹ̀.

Lápútọ́ọ̀pù mi, tòkunbọ̀ láti Ìlú Ọba ni. Wọ́n kọ AltGr sára bọ́tìnnì kan lápá ọ̀tún ibi tí a fi ń fàyè sílẹ̀. Òun ni kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí mo ń lò fi ń sàmì sábẹ́ lẹ́tà: AltGr pẹ̀lú o, ọ dé, pẹ̀lú e, ẹ dé, pẹ̀lú s, ṣ dé. Lójú Windows, ẹni tó tẹ AltGr ti tẹ Ctrl àti Alt pọ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ọ ni mo ń pè, áàpù yín ló ń jẹ́. Ojú ọ̀nà ló ti ń já a gbà, kì í jẹ́ kó dé inú ìwé mi rárá.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ náà ni ìwé pélébé kan nípa ìmọ́tótó. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ni: Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ̀yin náà ẹ wo bó ṣe lọ. Ẹ ńlá ìbẹ̀rẹ̀ kọjá láìsí wàhálà, torí Shift wà nínú tirẹ̀. Mo dé orí ọṣẹ. Ọ: wíńdò mi fò lọ sápá ọ̀tún. Ṣ: òun àti ìwé Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ ààyè. Ẹ: gbogbo rẹ̀ pòórá, àwòrán ọmọ mi tí mo fi sẹ́yìn ojú kọ̀ǹpútà nìkan ló ń wò mí. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́ta péré! Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ní bóyá ìka mi ló wúwo. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi ń kọ Yorùbá ní lẹ́tà ńlá gàdàgbàgàdàgbà bí ẹni ń pariwo, kí n tó wá fi Shift àti F3 sọ ọ́ di kékeré nínú Word.

Mo pè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé e lẹ́ẹ̀kejì bọ̀wọ̀ fún mi, mọ́mì ló ń pè mí, ẹ má torí tèmi bá a wí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí n máa kọ ọ́ láìfi àmì sí i, pé ó ṣáà máa yé wọn. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, bí mo bá yọ àmì kúrò, owó ni mo ní kí àwọn ìyá ọlọ́mọ máa fi ọṣẹ fọ̀.

Ó tún ní mo lè yí àwọn bọ́tìnnì náà padà fúnra mi. Mo wá a lọ. Lóòótọ́ ó wà níbẹ̀, àmọ́ ó ṣú bí eérú, kò ṣe é tẹ̀: àwọn tó san N60,000 nìkan ló wà fún. Èyí ló bí mi nínú jù. Ẹ gbé ohun tí mi ò bèèrè wá, ó ba iṣẹ́ mi jẹ́, ẹ wá ní kí n sanwó kí ẹ tó gbé e kúrò.

Kì í ṣe àwa nìkan ló kàn. AltGr ni àwọn ará Pólàǹdì fi ń kọ ę wọn, AltGr pẹ̀lú Q ni àwọn ará Jámánì fi ń kọ @. Ṣùgbọ́n Èkó ni ilé iṣẹ́ yín wà. Ẹ kọ Ẹ káàbọ̀ sí iwájú áàpù náà, àmì rẹ̀ pé pérépéré. Mo gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ nígbà tí áàpù wà ní ṣíṣí. Ẹ káàb ni mo kọ dé tí wíńdò fi sá lọ.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò le. Ẹ jẹ́ kí gbogbo oníbàárà, iye yòówù tí wọ́n ń san, lè yí bọ́tìnnì àbùjá padà tàbí kí wọ́n pa á. Ẹ sì jẹ́ kí áàpù náà dá Alt ọ̀tún mọ̀ yàtọ̀ sí Alt òsì. Ó ṣeé ṣe, àwọn tó ń bá yín kọ ọ́ á mọ ọ̀nà rẹ̀. Bí ìyẹn á bá pẹ́, ẹ dá ẹ̀dà àtijọ́ padà fún mi lọ́sẹ̀ yìí. Bí kò bá sí èyí tó bọ́ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, owó oṣù márùn-ún tó ṣẹ́ kù, N10,000, ni kí ẹ dá padà. PowerToys tí Microsoft ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní FancyZones nínú, ó ń pín ojú kọ̀ǹpútà bó bá ṣe wuni. Ibẹ̀ ni màá forí lé.

Mo so fídíò ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa rí mi níbẹ̀ tí mò ń gbìyànjú láti kọ ni ọṣẹ.

Èmi ni oníbàárà yín,
Atúmọ̀-èdè kan, Ìbàdàn.