Ìkéde fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ gun òkè Sani

Ẹ kú ìmúra o. Ògbómọ̀ṣọ́ kò ga tó mítà 400. Orí òkè Sani ní Lesotho ju mítà 2,800 lọ. Ọ́síjìn inú èémí kan níbẹ̀ fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin kéré sí tilé. Eré títì Ọ̀yọ́ ń mú ẹsẹ̀ le lóòótọ́, kò mú ara mọ òkè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ jẹ́nótáìpù yín wò kí ẹ tó sanwó. SS àti SC kò gbọdọ̀ gùn ún. Kí AS rí dókítà. Bí ìhà òsì ikùn rẹ̀ bá ń ro ó lórí òkè, kó sọ̀ kalẹ̀ kíá.

Jíà: eyín 32 níwájú, 46 ó kéré tán lẹ́yìn, torí òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ lójú ọ̀nà, ó sì dagun gan-an. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ, ẹ dẹ eré.

Orí fífọ́ pẹ̀lú èébì tàbí òòyì: ẹ má gùn sí i. Oògùn orí fífọ́ kàn ń bo àmì àìsàn òkè mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí èémí ò tó nígbà tó jókòó, ẹ mú un sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kódà lóru. Ẹ má jẹ́ kó dá lọ.