Àǹtí mi, ẹ má tíì kọ carboplatin sílẹ̀

Àǹtí mi àtàtà,

Ẹ kú ara líle o. Mọ́mì ní ẹ ò fẹ́ fojú kan carboplatin, oògùn jẹjẹrẹ yín, mọ́, pé oògùn tó fẹ́ gbẹ̀mí yín, kò sẹ́ni tó máa tún fà á sí yín lára. Ẹ jàre. Ta ni ẹ̀rù ò ní bà?

Àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ ayé, ohun yòówù kí wọ́n máa wí nílé. Oògùn yìí kì í sábà bínú níbẹ̀rẹ̀. Èèyàn á ti gbà á bí ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ kí àtẹ́lẹwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, kí ojú pọ́n, kí èémí máa há. Bó ṣe ṣe yín gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ara ti dá oògùn náà mọ̀, ó sì ti ṣe IgE, ohun ìjà ara tó ń dá ohun tí ara ò fẹ́ mọ̀, dè é. IgE yìí lẹ̀ mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì mast tó wà nínú awọ, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun, histamine, kẹ́míkà tó ń fa yíyún àti èémí híhá, ló sì kún inú wọn bámúbámú. Bí oògùn bá ya dé, wọ́n á tú u dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọgbọ́n tí dókítà yín fẹ́ dá, pé kí oògùn náà máa wọlé díẹ̀díẹ̀ kí ara má bàa bínú, Dókítà Mariana Castells àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Boston, l'Amẹ́ríkà, ti ṣiṣẹ́ lé e lórí gan-an. Àpò dírípù mẹ́ta ni. Wọ́n á fi omi la ti àkọ́kọ́ títí agbára rẹ̀ á fi ku ìdá kan nínú 100, ìkejì ìdá kan nínú 10, ìkẹta á wá jẹ́ ojúlówó. Ìpele 12, ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfi èyí tó kẹ́yìn tó máa ń pẹ́. Ó tó wákàtí mẹ́fà (ẹ mú súwẹ́tà dání), nọ́ọ̀sì á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lọ́dún 2008 wọ́n ròyìn ìgbà 413 tí wọ́n ṣe é fún èèyàn 98: nínú ìdá 94 lórí 100, kò sí wàhálà rárá tàbí kó jẹ́ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú.

Díẹ̀díẹ̀ tó ń wọlé yẹn ò tó ohun tí sẹ́ẹ̀lì mast á torí ẹ̀ tú histamine. Kálísíọ̀mù tó yẹ kó ya wọ inú rẹ̀ kó tó lè tú u ò ní wọlé. Sẹ́ẹ̀lì náà ò kú, oògùn yẹn nìkan ni ò dáhùn sí. Bí edé bá ń yún yín lára tẹ́lẹ̀, á ṣì máa yún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: fúngbà díẹ̀ ni. Bí oògùn bá ti kúrò lára, sẹ́ẹ̀lì á padà sí ìwà rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbà á ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó ti mọ́ yín lára, kí wọ́n fà á bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ kọ̀ jálẹ̀.

Atenolol tí ẹ ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wọn kí ọjọ́ tó pé, torí ó lè má jẹ́ kí adrenaline, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí là bí ara bá bínú gan-an, ṣiṣẹ́ dáadáa bí ọ̀rọ̀ bá le. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Àwọn ni kó sọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Èmi ọmọ yín, nọ́ọ̀sì.