Music server ò lè tún fáìlì burúkú ṣe

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lójú ìwé ẹ̀rọ ìgbàlódé lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé ẹni tó bá fẹ́ kí orin dún gidi nílé ẹ̀, kó pa laptop tì kó lọ ra music server, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún kíkó orin pamọ́ àti gbígbé e jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára, torí èmi ti rà á ní tèmi, owó ti lọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Sípíkà mi máa ń kùn bí oyin tí mo bá ń fi laptop gbọ́ orin, ẹni tó ta server fún mi ní laptop ló ń bà á jẹ́, mo gbé server délé, kíkùn lọ, mo tiẹ̀ pe ìyàwó mi kó wá gbọ́. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo tún so laptop mọ́ ọn, mo gbàgbé láti ki ṣájà, bátìrì ló ń lò, ni sípíkà bá dákẹ́ rọ́rọ́. Àṣé ṣájà ni! Iná wúruwùru tó ń tinú ẹ̀ bọ̀ ló ń gba wáyà USB wọ inú DAC, ẹ̀rọ tó wà láàárín laptop àti sípíkà.

Mo yọ ṣájà, mo ní kí àbúrò mi wá dán mi wò. Mo kọ̀yìn sí i, DAC kan náà, orin kan náà, ó ń pààrọ̀ laptop àti server, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. 6 ni mo gbà, ẹni tó ń ju kọ́ìnì sókè náà lè gba 6 jàre. Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu, nọ́ńbà ṣáà ni orin tó wà nínú fáìlì, ti CD jẹ́ 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún etí kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan náà ni àwọn méjèèjì ń kà, DAC ló ń sọ ọ́ di ohùn.

Ibi tí orin tèmi ti bàjẹ́ gan-an ni MP3 128 kbps, fáìlì tí wọ́n fún mọ́lẹ̀ débi tí apá kan orin fi sọnù, tí mo fi kó àpàlà bàbá mi pamọ́ láti ọjọ́ yìí. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú ẹ̀ ń dún ṣìì bí ẹni ń din àkàrà, server náà gbé e jáde bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìgbà tí mo wá CD ẹ̀ rí tí mo fi FLAC, irú fáìlì tí kì í gé nǹkan kan kúrò nínú orin, kó o lọ́tun, ni mo tó ń gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń gbá ara igbá.

Mi ò ní parọ́ mọ́ server o. Kò ní fáànù tó ń pariwo, kì í jẹ iná púpọ̀ tá a bá wà lórí inverter, àwọn ọmọ sì ń fi fóònù yan orin látorí bẹ́ẹ̀dì. Ìrọ̀rùn nìyẹn, kì í ṣe ohùn.

Ẹni tó kọ ọ́ nínú ìwé yín, ẹ bá mi sọ fún un pé kó máa bọ̀ nílé mi. A ó fi aṣọ dì í lójú, àbúrò mi á máa pààrọ̀ wáyà, tó bá gba 10 nínú 10, kó máa gbé server mi lọ.

Èmi ni tiyín,
Onífàájì àpàlà, Ìbàdàn