Irinṣẹ́ tí ń ṣe àpídéètì kọ̀ǹpútà wa kò tíì gbọ́ Yorùbá

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ṣọ́ọ̀bù títẹ̀wé kékeré kan ni mo ní ní Àgbowó, ní òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí a ti ń ṣe fótókọ́pì, tí a sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀, àgbà sì ni gbogbo wọn. Nígbà tí àtìlẹ́yìn fún Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, tí kò sì sí èyí tí ó lè gbé Windows 11 nínú wọn, àwọn ará àdúgbò ní kí n kó wọn tà fún àwọn tí ń ra páńtí. Mo kọ̀. Debian, ètò ọ̀fẹ́ kan tí ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń ṣe, ni mo gbé sórí wọn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ tí ń bá Debian gba àpídéètì, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ APT, ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ohun kan kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀ tí ó jẹ́ pé àwa tí a ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá ni a lè tún un ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ àpídéètì lórí ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, tí ó jẹ́ pé bí kò bá ti sí iná, kò sí iṣẹ́. Ó ti ṣe é dé ìdajì nígbà tí iná lọ. Ẹni tí ó yẹ kí ó tan jẹnẹrétọ̀ ti lọ ra àkàrà. Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà náà ṣí, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ọmọ náà bá ní kí ó gbé wá ni ó ń kọ̀, ìlà Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó sì ń kọ sójú ìwòran ní gbogbo ìgbà. Ọmọ yìí yege nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé girama, àmọ́ bí ó ti rí ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí pé nǹkan dá dúró lójijì, ó gbà pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀yọ́ ni mo wà ní òpin ọ̀sẹ̀ náà. Kí n tó dé ní ọjọ́ Ajé, ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ọ̀gbẹ́ni náà sì ti ní háàdì dísíìkì rẹ̀ ti kú, ó ti sọ iye tí òun yóò ta òmíràn fún wa.

Ìlà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sá fún yẹn ni ó gbé oògùn àrùn náà dání. Ohun tí ó ń sọ kò ju pé iṣẹ́ dpkg dúró lójú ọ̀nà, kí ẹni tí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ sudo dpkg --configure -a kí iṣẹ́ náà lè parí. Mo jókòó, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi ọ̀rọ̀ aṣínà mi sí i, àwọn ìlà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ ní kíláàsì. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí gbogbo rẹ̀ fi tán. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá fẹ́ mọ̀, APT ni ó ń lọ sọ́jà. Dpkg ni ó wà nílé tí ó ń tú ẹrù, tí ó ń to oníkálukú sí àyè rẹ̀, tí ó sì ń kọ ibi tí ó bá dé sílẹ̀, kí ó má baà ṣìnà bí nǹkan bá dá a dúró. Àwọn tí ó kọ ọ́ ti ro ti iná tí ó lè lọ, bí wọn kò tilẹ̀ gbé Ìbàdàn rí.

Àwọn kan yóò ní kí n kúkú jáwọ́ nínú àpídéètì, pé dátà ni ó ń jẹ. Ṣùgbọ́n kòkòrò kọ̀ǹpútà WannaCry tí ó da iṣẹ́ rú ní àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017 gba inú ihò kan lára Windows wọlé, èyí tí àtúnṣe rẹ̀ ti jáde láti oṣù Kẹta ọdún yẹn. Ẹ̀rọ àwọn tí kò gba àtúnṣe ni ó mú. Ní ti dátà, mo fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní apt-cacher-ng sórí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òun ni ó ń tọ́jú ohun tí a bá gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn márùn-ún yòókù sì ń bù ú lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ń sanwó ohun tí ẹ̀rọ mẹ́fà ń jẹ.

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 1993 ni Ian Murdock ti dá iṣẹ́ Debian sílẹ̀, APT sì ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀dà 2.1 ti jáde ní 1999. Ubuntu, tí wọ́n gbé ka orí Debian, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 2004, náà ń lò ó. Àwọn tí ń kọ ọ́ kò fi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á, ó lè tún un ṣe, ó sì lè fi àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́ padà. Wọn kò sì tíì dẹ́kun. APT 3.0 jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, òun sì ni ó bá Debian 13 dé ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún náà. Tẹ́lẹ̀, orúkọ àwọn páálí, ìyẹn àwọn ètò tí wọ́n dì fún APT láti gbé wọlé, máa ń wọ́ jọ bí ìyẹ̀fun tí ó dànù. Ní báyìí, ó ń tò wọ́n ní òpó-òpó, ó ń fi àwọ̀ ewé kọ èyí tí ó fẹ́ gbé wọlé, ó sì ń fi pupa kọ èyí tí ó fẹ́ yọ kúrò, lẹ́yìn náà ni yóò sọ bí dátà tí yóò lò ṣe pọ̀ tó kí ó tó béèrè bóyá kí òun máa lọ. Láti ìgbà yẹn ni ọmọ iṣẹ́ mi ọjọ́sí ti ń dúró. Bí ó bá ti rí pupa, yóò pè mí. Àwọ̀ pupa ti ṣe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe, ìyẹn gan-an ni ó sì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa èdè.

Ẹ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń jà fún àyè nídìí irinṣẹ́ yìí. Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Julian Andres Klode, tí ó wà lára àwọn tí ń bójú tó APT, kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ mú Rust, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, wọ inú rẹ̀, kò sì ní ṣáájú oṣù Karùn-ún ọdún 2026. Ó ní apá tí ń tú páálí àti apá tí ń yẹ òǹtẹ̀ wò yóò jàǹfààní èdè tí kì í jẹ́ kí ètò ṣi ìrántí ẹ̀rọ lò. Ó fún àwọn oríṣi ẹ̀rọ àtijọ́ tí Rust kò sí fún ní oṣù mẹ́fà láti wá nǹkan ṣe sí i. Ariwo ta. Lójú tèmi, ó jàre, nítorí ibi tí ẹrù àjèjì ti ń wọlé ni ó yẹ kí ènìyàn ti ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa jù. Síbẹ̀, ohun tí mo rí kọ́ ni pé àwọn tí ń lo ẹ̀rọ tí kò tó nǹkan mọ́ láyé yìí dìde, wọ́n sọ tiwọn ní gbangba, nítorí pé wọ́n ti wà níbi ìpàdé tẹ́lẹ̀.

Àwa ńkọ́? Àwọn èdè tí APT lè fi bá ènìyàn sọ̀rọ̀ pọ̀. Faransé wà níbẹ̀, Jámánì wà níbẹ̀, èdè àwọn ará Wales wà níbẹ̀. Dzongkha, èdè orílẹ̀-èdè Bhutan tí gbogbo ènìyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan, wà níbẹ̀ pẹ̀lú; Ìbàdàn nìkan pọ̀ ju gbogbo Bhutan lọ. Kò sí Yorùbá. Kò sí Haúsá, kò sí Ígbò. Ẹnikẹ́ni kò lé wa kúrò níbẹ̀, a kò kàn fi tiwa ránṣẹ́ ni. Fáìlì kan ni wọ́n ń lò fún èdè kọ̀ọ̀kan: ìlà Gẹ̀ẹ́sì wà lókè, àyè òfìfo wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀, títí gbogbo gbólóhùn yóò fi tán. Ẹni tí ó bá parí rẹ̀ yóò fi ránṣẹ́ sí Salsa, ibi tí àwọn ará Debian ń kó iṣẹ́ wọn pa mọ́ sí, wọn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kódà, fáìlì kan tí ń sọ ìlànà èdè wa fún ẹ̀rọ ti wà nínú Debian láti ọjọ́ yìí wá: yo_NG ni wọ́n ń pè é, yo fún Yorùbá, NG fún Nàìjíríà.

Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì ti bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oníbàárà bá ti dín kù, a sì ti ríi pé iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n nínú. Bí APT bá fẹ́ béèrè pé kí òun máa lọ, Y/n ni ó ń kọ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń kọ O/n fún Faransé, ó sì ń kọ J/n fún Jámánì. Ọmọ kan sáré kọ bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí a tó ríi pé B ni ó bẹ̀rẹ̀ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ni àti rárá ni a fi rọ́pò wọn, B/r, a ó sì ní láti rí i pé fáìlì yo_NG náà gba lẹ́tà yẹn. Ìbéèrè kejì le jù ú lọ: ṣé kí kọ̀ǹpútà máa pe ènìyàn ní o, àbí ní ẹ? Àwọn ọmọ náà ní o, nítorí pé o kúrú. Mo ní ẹ̀rọ tí wọ́n rà lánàá kò lè máa pe bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún ní ìwọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ ni a kọ.

Àmì ohùn tún wà níbẹ̀. Unicode, àtòjọ lẹ́tà gbogbo èdè tí kọ̀ǹpútà ń lò, kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún ẹ tí ó ní àmì lórí. Ẹ ni a ó kọ́kọ́ kọ, kí a tó gbé àmì lé e. Nínú fèrèsé tí ó ní àwòrán, ó ń jáde dáadáa, ṣùgbọ́n lójú ìwòran dúdú tí kò ní fèrèsé, tí kò lè gbà ju àwòrán lẹ́tà 512 lọ lẹ́ẹ̀kan, àmì náà lè má jókòó sí àyè rẹ̀. Ẹnìkan ní kí a yọ gbogbo àmì kúrò. N kò gbà fún un, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá kọ gba láìsí àmì, ẹni tí ń kà á kò ní mọ̀ bóyá ó fẹ́ gba páálí náà ni, àbí ó fẹ́ gbá a dànù. Ibi kan ṣoṣo tí èdè wa ti rọ wá lọ́rùn ni iye: Gẹ̀ẹ́sì ní láti ya páálí kan sọ́tọ̀ kúrò lára páálí púpọ̀, tiwa jẹ́ páálí kan, páálí ọgọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà.

Olóòtú wa, ọ̀rọ̀ ni ó dá wa dúró báyìí, ìdí sì nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín. APT ya iṣẹ́ méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni kí ó lọ wo ohun tí ó wà lọ́jà, kí ó sì gba àtòjọ wọn wálé. Èkejì ni kí ó ra ọjà náà gan-an. Ní Àgbowó, àpídéètì ni a ń pe méjèèjì. Àwọn kan nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ ń lo ìmúdójúìwọ̀n, ọ̀rọ̀ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n èwo nínú méjèèjì ni yóò jẹ́ orúkọ yẹn? Èyí tí ó le jù ni orúkọ fún páálí tí páálí mìíràn kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà dábàá ìfẹ̀yìntì, nítorí pé òun ni èkejì fẹ̀yìn tì. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá bi í pé bí àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì bá kà á, ṣé wọn kò ní rò pé owó ìfẹ̀yìntì wọn ni kọ̀ǹpútà ń wí? Agbáralé ni mo fi síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn.

Bí ẹ bá lè fún wa ní igun kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí a máa tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta jáde lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn òǹkàwé sì máa sọ èyí tí ó bá etí wọn mu, inú mi yóò dùn. Èmi yóò máa kọ èsì wọn sínú fáìlì náà fúnra mi. Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀: àtòjọ ọjà, ọjà rírà, àti agbáralé tí mo bẹ gbogbo ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù ú lọ pé kí ó bá mi pààrọ̀ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣọ́ọ̀bù títẹ̀wé kan,
Àgbowó, Ìbàdàn.