Ẹgbẹ́ ni kóòtù méjèèjì, ẹ má tún ṣì wá lọ́nà

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Nínú ìwé ìròyìn yín ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ kọ ọ́ pé ọkùnrin tó jẹ̀bi ẹjọ́ ilẹ̀ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Òǹdó fẹ́ gòkè lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀. Òkè wo? Ẹgbẹ́ ara wọn ni kóòtù méjèèjì. Ẹni tí ìdájọ́ èyíkéyìí nínú wọn kò bá tẹ́ lọ́rùn, Kòtẹ́milọ́rùn ló ń lọ, ìyẹn náà sì wà níbí ní Àkúrẹ́.

Owó ni mo fi kọ́ ọ. Aṣọ ni mo ń tà ní Ọjà Ọba. Mo ra ilẹ̀ sí Ọ̀bà-Ilé, ni aládùúgbò mi bá hú òkúta ààlà, ó wọ tèmi ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Lọ́yà tí mo gbà ní ti fẹ́dírà ni ká gbé e lọ, pé bí ọkùnrin náà bá ti gbọ́ ọ, ara rẹ̀ á gbọ̀n. Mo tilẹ̀ ń fi yangàn lọ́jà! Oṣù 14 la fi ń lọ tí à ń bọ̀ kí adájọ́ tó ní ìjà ààlà láàárín ẹni méjì kò sí lọ́wọ́ òun, kí wọ́n gbé fáìlì lọ sí kóòtù ìpínlẹ̀. A tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Kò sẹ́ni tí ara rẹ̀ gbọ̀n àfi èmi tí mò ń sanwó.

Ọ̀rọ̀ owó ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ dá kóòtù ti fẹ́dírà yẹn sílẹ̀ lọ́dún 1973. Lónìí, abala 251 nínú Ìwé Òfin 1999 ló to iṣẹ́ rẹ̀: owó orí ilé-iṣẹ́, kọ́sítọ̀ọ̀mù, ọkọ̀ ojú omi, àmì ìdánimọ̀ ọjà, ohun àlùmọ́nì. Ká ní ìwé àṣẹ láti wa ọ̀dà ilẹ̀ Agbábù ni wọ́n ń jà sí, ibẹ̀ gan-an ni. Ti báńkì ló yàtọ̀ díẹ̀: bí oníbàárà àti báńkì rẹ̀ bá ń jà lórí owó tó fi pamọ́, èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì ló lè lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàtúnṣe ìròyìn náà kíákíá. Obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi ti gé e pamọ́ sínú báàgì. Ó ní ìyá òun ní ẹjọ́ ilẹ̀ ní Ìjù.

Èmi ni,
Ìyá Aláṣọ,
Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.