Ẹ̀yin ọmọ mi tí wọn ò pe orúkọ yín, ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kú ìdárayá o. Ẹ bá mi fara balẹ̀ ka èyí, torí ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò ti rí oorun sùn dáadáa.

Ọmọ kan wà tí mo mọ̀ láti kékeré, ọmọ ọdún 19 ni báyìí, ó ga, ara ẹ̀ yá, tó bá ti ju bọ́ọ̀lù ẹ ti mọ̀ pé inú àwọ̀n ló ń lọ. Wọ́n pè é sí kámpù tíìmù orílẹ̀-èdè, inú gbogbo wa dùn. Nígbà tí wọ́n wá dín wọn kù sí 12, wọn ò pe orúkọ ẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ò tíì ṣú tó fi tan fídíò, ó sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí kóòṣì, ó dárúkọ ọmọ tí wọ́n mú sí ipò ẹ̀, ó ní kò mọ nǹkan kan, owó ló fi wọlé. Kó tó di àárọ̀ gbogbo ayé ti rí i. Ní báyìí bàtà ẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò lọ tréníìnì mọ́, ó ní básíkẹ́ẹ̀tì ti sú òun. Ọmọ ọdún 19! Kí ló ti rí tó fi sú u?

Pé wọn ò mú u kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Alẹ́ ọjọ́ kan yẹn, òun àti fóònù ẹ̀ nínú yàrá, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, torí mo ti ń rí i lọ́wọ́ ẹ̀yin míì náà.

Èmi náà ti bá wọn lọ kámpù rí. Ara ilẹ̀kùn ni wọ́n lẹ líìsìtì mọ́ láyé ìgbà yẹn. Mo kà á látòkè délẹ̀, mo tún kà á látìsàlẹ̀ padà sókè. Etí ìwé náà kan ti ká, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó lè nà, mo rò pé bóyá orúkọ mi ló wà lábẹ́ ẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n mú sí ipò mi, mo máa ń gbé pọ́ìntì lé e lórí bó ṣe wù mí ní tréníìnì, gbogbo kámpù ló sì mọ̀. Mo gbé báàgì lé itan nínú bọ́ọ̀sì títí ilẹ̀ fi mọ́, gbogbo èébú tó wà lẹ́nu mi, ẹnu mi náà ló kú sí. Ká ní fóònù tiyín yìí wà lọ́wọ́ mi lóru yẹn, ayé mi ì bá ti bàjẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, kóòṣì yẹn kan náà ló ránṣẹ́ pè mí, ó ní, "Ẹni mẹ́rin tó lè jù ú sáwọ̀n ni mo ní nígbà yẹn, mi ò ní ẹni tó máa dúró de àwọn géńdé wọn lábẹ́ àwọ̀n." Ohun tó ń wá nìyẹn, èmi sì ń ka pọ́ìntì.

Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni 12 ló ń lọ, ẹni 5 ló ń wọ pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú 40 ni eré kan lábẹ́ FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, kì í ṣe 48 bíi ti NBA, líìgì ńlá Amẹ́ríkà, tó o bá sì ti ṣe fáùlù 5 o ti jáde nìyẹn. Kóòṣì ò ráyè fún ẹni mẹ́wàá tó fẹ́ máa jù ú. Ní 2004, Amẹ́ríkà kó àwọn ọmọ NBA lọ sí Olíńpíìkì ní Athens, Puerto Rico nà wọ́n 92 sí 73, Lithuania tún nà wọ́n, Argentina tó ti ń gbá a pọ̀ lọ́jọ́ tó pẹ́ ló wá lé wọn kúrò ní ọ̀nà àṣekágbá, 89 sí 81. Mẹ́dàlì idẹ ni wọ́n gbé lọ sílé. LeBron James wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 19 lòun náà, orí bẹ́ńṣì ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ṣé ó gbé bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ọdún 20 lẹ́yìn ẹ̀, ní Olíńpíìkì Paris, òun ni wọ́n mú pé ó dára jù nínú gbogbo ìdíje yẹn.

Shaquille O'Neal, géńdé Amẹ́ríkà yẹn ńkọ́? Ní 1992, nínú tíìmù Olíńpíìkì Amẹ́ríkà, àyè kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọ yunifásítì, Christian Laettner ni wọ́n fún. Shaquille jókòó sílé lọ́mọ ogún ọdún. Ní 1994 òun ló mókè jù ní ìdíje àgbáyé, ní 1996 ó gba wúrà Olíńpíìkì.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé líìsìtì kan ni ìdájọ́ ayé yín? Ta ni? Mo ń bínú, ẹ má bínú sí mi. Jaylen Brown ló gba MVP, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó dára jù, ní àṣekágbá NBA ní 2024, nígbà tí àyè wá ṣí sílẹ̀ nínú tíìmù Olíńpíìkì Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn, Derrick White tí wọ́n jọ wà ní tíìmù Boston ni wọ́n pè. Tó bá lè ṣẹlẹ̀ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí lẹ rò pé ẹ fi yàtọ̀?

Tí ẹ bá dé kámpù, ẹ máa sọ̀rọ̀ lórí pápá, ẹ máa pe ara yín tí ọ̀tá bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí ẹsẹ̀ bá ń dùn yín, ẹ sọ ọ́, ẹ má fi pamọ́. Tí wọn ò bá mú yín, ẹ lọ bá kóòṣì lójúkojú, ẹ bi í pé, "Kí ló kù tí mi ò ní, sà?" Ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ gbé fóònù fún ìyá yín, ó di àárọ̀ kẹ́ ẹ tó gbà á padà. Mi ò ní kẹ́ ẹ má sunkún o, èmi náà sunkún nínú bọ́ọ̀sì yẹn.

Ìwọ ọmọ mi tọ́rọ̀ kàn, mo mọ̀ pé wàá rí èyí. Pa fídíò yẹn rẹ́. Pe ọmọ tó o bú yẹn, kó o bẹ̀ ẹ́, òun náà ọmọ ẹnìkan ni. Aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé, mo máa wà ní pápá, èmi àti bọ́ọ̀lù. Wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó o mú bàtà ẹ dání.