Afárá Jẹ́bà Kì í Ṣe Irin Àlòkù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé kan kọ sí yín ló bí mi nínú. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ojú irin tuntun ti dé, kí wọ́n tú àwọn afárá onírin ayé òyìnbó palẹ̀, kí wọ́n gbé irin wọn sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n tà á. Ojú irin tuntun wo? Èyí tí wọ́n ṣí láti Èkó ní 2021, Ìbàdàn ló dúró sí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin sọdá Odò Ọya ní Jẹ́bà, afárá àtijọ́ náà ló máa gbà.

1909 ni ojú irin Èkó dé Jẹ́bà, ni odò bá dábùú ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó ọkọ̀ ojú irin sọdá, títí afárá fi parí ní 1916. Erékùṣù wà láàárín odò níbẹ̀, nítorí náà omi méjì ni wọ́n ní láti la irin kọjá. Obì ilẹ̀ wa gba ibẹ̀ lọ Kánò, màlúù sì gba ibẹ̀ wá.

Ìyá mi àgbà ló kọ́kọ́ mú mi gba orí rẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe gun afárá ni ìró rẹ̀ yí padà. Màmá tú ìṣẹ́tí ìró wọn, wọ́n yọ kọ́bọ̀ kan, wọ́n jù ú gba ojú fèrèsé, wọ́n sì kí Ọya. Kọ́bọ̀ ba irin, ó dún gáń, kó tó já sómi. Mo bi wọ́n pé ta la wá fún lówó, Ọya ni àbí afárá? Wọ́n ní kí n panu mọ́.

Ní Shropshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, afárá onírin tí wọ́n gbé ró ní 1779 ṣì wà lórí odò Severn. Wọn ò jẹ́ kí mọ́tò gbà á mọ́ láti 1934, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ń gun orí rẹ̀. Ìlú tó wà létí rẹ̀ gan-an, Ironbridge ló ń jẹ́. Ẹ ò rí i, orúkọ afárá nìlú ń jẹ́!

Nígbà tí mo dé Jẹ́bà kẹ́yìn, mo fọwọ́ kan irin náà, ìpẹtà pupa ló bá ọwọ́ mi wálé. Kí àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, kí wọ́n kùn ún lọ́dà kí òjò tó ń bọ̀ yìí tó dé. Kí wọ́n sì ri pátákó kan mọ́lẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, kí wọ́n kọ 1916 sí i gàdàgbà.

Òǹkàwé yín,
Ìlọrin.